Ìdáná Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni Monínúọlá kọ sórí Wáàsáàpù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: "Ojobo ni idana wa." Kò fàmì ohùn sí i, àbí ta ló ń fàmì ohùn sórí Wáàsáàpù? Kó tó di ọ̀sán, Ìyá Dùnmínínú, onílé rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, ti gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rín sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Monínú, ulé kan náà la jọ ń gbé, orí fóònù ló wá yẹ kí n ti kà á bí àlejò?" ni ìyá náà wí. "Ta ni ọkọ náà? Ará Ìgèdè ni àbí ará Adó?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Monínúọlá pé ìdána ìyàwó ni wọ́n kà sí i. Ìdáná lòun kọ, iná tí wọ́n fẹ́ dá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé àga fún ìyá náà.

"Iná ni, Mà. Ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tí a fẹ́ bá wọn dáná sí."

"Uná? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Adó lẹ fẹ́ dáná sókè òkun?"

"Àwa náà ni, Mà. Láti orí tábìlì yìí."

Ìyá Dùnmínínú wo tábìlì náà, ó wo kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí rẹ̀. Ó ní ọkọ ni ì bá wu òun jù, àmọ́ tó bá jẹ́ uná ni Olúwa fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, kó bá wọn ṣe é láṣeyọrí. Ó sọ̀ kalẹ̀ padà sídìí ọjà ike rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn tó bó ṣe dùn nígbà tó ń gòkè bọ̀.

Ẹni tó bá ń wá onítìjú, kó má wá a dé ọ̀dọ̀ Monínúọlá. Ọmọ Ìgèdè ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì ní yunifásítì kan nílùú Adó. Bí ó bá sọ pé nǹkan yóò rí báyìí, ó ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní fi "bóyá" ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Àwọn kan ní agbéraga ni. Irọ́ ni wọ́n pa. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì rídìí tí òun á fi máa díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ yìí rí roboto bí òṣùká, ó sì ga tó ilé alájà kan. Òṣùká yìí ṣófo nínú bíi páìpù, ibẹ̀ ni wọ́n ń tú gáàsì díẹ̀ sí, tí wọ́n á máa mú un gbóná títí yóò fi gbóná ju inú oòrùn lọ. Bó bá ti dé ibẹ̀, kì í ṣe gáàsì mọ́, pílásímà ló ń jẹ́. Kò sí irin, kò sí amọ̀, kò sí ohun kan tí Ọlọ́run dá tó lè gbà á mọ́ra bí ìkòkò ṣe ń gba ọbẹ̀, nítorí náà òòfà ni wọ́n fi ń há a mọ́ agbedeméjì kó má fara kan ògiri. Bí wọ́n bá lè mú un dúró pẹ́, iná mànàmáná tí wọn yóò rí fà níbẹ̀ yóò tó ìlú jẹ, yóò sì ṣẹ́ kù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé pílásímà kì í fẹ́ dúró. Yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n, yóò wú níhà kan, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ó ti tú, ó ti fi gbogbo ooru rẹ̀ lu ògiri ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ tí Monínúọlá yàn ni pé kí kọ̀ǹpútà rí gbígbọ̀n yẹn kó tó di wíwú. Ó gba àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ìdáná tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ náà, èyí tó dúró àti èyí tó tú, ó sì fi kọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan títí ètò náà fi mọ àmì rẹ̀, bí abiyamọ ṣe ń mọ̀ pé ibà ń bọ̀ kí ara ọmọ tó gbóná. Bí ètò náà bá ti fura, yóò rọra dín ooru kù, yóò sì yí òòfà díẹ̀, kí pílásímà lè fara balẹ̀. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ló ní láti fi ro ìrònú yẹn tán. Ẹ̀dá tó ń jẹun tó ń mumi kò lè ṣe é.

Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é o. Yínúsà ni alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé Adó, tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Nímọ́tà ni Monínúọlá ń pè é, nítorí ó tó bí i. Bàbá Nímọ́tà kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí àfi ìgbà tó lọ tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe, ṣùgbọ́n bí kóòdù tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà bá ń fà bí ìgbín, ẹ gbé e fún un, yóò sáré. Òun náà ló ní "Dókítà" lòun yóò máa pe ọmọbìnrin yìí, tó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Monínúọlá bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kò gbà.

Ohun kan wà tí Monínúọlá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn lé lórí. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ gbogbo nǹkan lórúkọ nínú kóòdù wọn. Ògiri ni ogiri, ooru ni ooru, ìyára ni iyara. Ó ní ohun tí òun bá ti fi èdè ìyá òun pè, òun kì í gbàgbé ohun tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ti kọ̀wé sí i pé ì bá dára kó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì dá wọn lóhùn pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé àmì ohùn a máa da àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ibẹ̀ láàmú, òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n má fàmì sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi ètò náà dán àkọsílẹ̀ àtijọ́ wò, àwọn tó ni ẹ̀rọ náà fún wọn ní ìdáná gidi mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àdéhùn ibẹ̀ kò ṣòro láti lóye: bí pílásímà bá tú lẹ́ẹ̀kan péré lọ́wọ́ ètò wọn, ó parí, ètò náà kò ní wọ ẹ̀rọ yẹn mọ́, nítorí ògiri ẹ̀rọ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, àwọn ará ibẹ̀ sì tì í pa. Ìlànà wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni Monínúọlá, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró, tún fi ètò náà dán ogójì ìdáná àtijọ́ tó le jù wò. Mọ́kàndínlógójì dúró. Ọ̀kan tú.

Ogójì náà ni wọ́n ti fi dán an wò lóṣù tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ló sì dúró. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé Yínúsà kó fáìlì méjì, ti Monínúọlá àti tirẹ̀, pọ̀ sójú kan lọ́sẹ̀ tó lọ, kí ètò náà lè yá sí i. Láti aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn méjèèjì ti jókòó tì í, tí wọ́n ń fojú wá àṣìṣe. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ojú Monínúọlá ti pọ́n, kò sì rí nǹkan kan.

"Ọ̀kan nínú ogójì, Dókítà," ni Yínúsà wí. "Mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún wa. Ó ṣeé ṣe kí ó má kàn wá rárá."

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá Nímọ́tà. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò kọ ọ́ sí wọn pé ó ṣeé ṣe kó dúró. Mo ní yóò dúró ni."

Ó dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Bàbá tó bí i jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Àládùúrà kan ní Ìgèdè, láti ìgbà tó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá a ka Bíbélì bí bàbá bá ń wàásù. Bàbá á ní, "Kà á." Á kà á. Bí ẹsẹ náà bá fa bàbá lọ́kàn, á ní, "Tún un kà." Ẹsẹ kan ṣoṣo lè gbà wọ́n ní ìdajì wákàtí, kí àwọn ìyá tó gbé iyán kalẹ̀ sílé sì máa wo aago. Ohun tí ojú ti fò dá, etí a máa gbé e.

"Ẹ bá mi ka kóòdù yín sókè," ni Monínúọlá wí.

"Kóòdù?"

"Bí ẹni ń ka Bíbélì níwájú ìjọ."

"Dókítà, Mùsùlùmí ni mí."

"Ẹ kà á bíi Kùránì nígbà náà. Ẹ má fo nǹkan kan."

Èyí yé Yínúsà dáadáa, nítorí nílé kéú tó lọ ní Ìlọrin, ẹni tó bá fi ohùn ṣi ọ̀rọ̀ kan pè kò ní gbàgbé ẹgba ọjọ́ náà. Ó tún jígí rẹ̀ ṣe, ó fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Monínúọlá di ojú rẹ̀. Ó ka ìyára, ó ka ògiri, ó ka ooru, ohùn rẹ̀ ń lọ geerege. Ìlà igba lé méjìlá ló dé.

"Tí àgbàrá bá ju mẹ́jọ lọ..."

"Ẹ tún un kà."

"Tí àgbàrá bá ju mẹ́jọ lọ."

Monínúọlá la ojú. "Kí lẹ pè é?"

"Àgbàrá, Dókítà. Àgbàrá òjò." Yínúsà wò ó bí ẹni pé àárẹ̀ ti mú un. "Ooru tó ń ya jáde láti ara pílásímà lọ bá ògiri. Ó ń ya bí àgbàrá ṣe ń ya lójú títì, ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Monínúọlá yíjú sí kọ̀ǹpútà kejì. Nínú fáìlì tirẹ̀, agbára ló kọ, agbára iná tí wọ́n fi ń mú pílásímà gbóná. Òun pẹ̀lú kò fàmì sí i. A-g-b-a-r-a. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti ka ìlà bàbá yìí, tí ojú rẹ̀ ń rí agbára níbẹ̀? Nílé wọn ní Ìgèdè, ọ̀gbàrá ni wọ́n ń pè é bí òjò bá rọ̀ tí omi ń ya lọ. Inú òwe nìkan ló ti ń gbọ́ àgbàrá, kò sì wá òwe wá sínú kóòdù.

Ó ṣàlàyé rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí fáìlì méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú ń lo agbara tirẹ̀, kò sí ìjà. Ọjọ́ tí wọ́n di ọ̀kan ni àgbàrá gun orí agbára, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì gba ipò tiẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà nọ́ńbà méjèèjì jọ ń rìn pọ̀, nítorí bí iná tó ń wọlé bá pọ̀, èyí tó ń ya jáde náà á pọ̀, ìyẹn ni mọ́kàndínlógójì fi yege. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ṣàdédé ya jáde, ètò náà á rò pé ènìyàn ló fi iná kún un, á sì gé iná lójijì. Gígé òjijì yẹn gan-an ló ń tú pílásímà.

Yínúsà gbé ọwọ́ lé orí. "Èmi ni mo kó wọn pọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni."

"Èmi ni mo ní ká má fàmì sí i," ni Monínúọlá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Nímọ́tà, ẹ má gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọ́n yí ti Yínúsà padà sí ogbara, bí àwọn ará Ìgèdè ṣe ń pè é, ní ibi mẹ́tàdínlógún. Wọ́n tún fi ogójì náà dán an wò. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn dúró, aago méjìlá ku díẹ̀, inú Monínúọlá sì kọ́kọ́ dùn kó tó rántí pé kóòdù tó bàjẹ́ ló wà lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun, tí wọ́n ti tì í pa.

Ó lè dákẹ́. Ọ̀kan nínú ogójì kò pọ̀. Ó lè fi tuntun ránṣẹ́ kó ní àtúnṣe kékeré kan ni, kó má ṣàlàyé. Tàbí kó sọ òótọ́ fún àwọn tó ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí gan-an, kí wọ́n sì gba ìdáná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn dùn ún dé egungun. Ojú ń tì í, kò sì sí irọ́ níbẹ̀, ojú tì í gidigidi.

"Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó," ni Yínúsà wí jẹ́jẹ́.

"Onílé ni ò ní í gbà fún un," ni Monínúọlá fi dá a lóhùn, ó sì pe àwọn ará òkè òkun.

Obìnrin kan ló ń darí ìdáná ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ tutù, kì í yára sọ̀rọ̀. Monínúọlá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìbò ó: kóòdù tó wà lọ́wọ́ yín bàjẹ́, ohun tó bà á jẹ́ nìyí, èyí tí a tún ṣe nìyí.

"Orúkọ méjì tí ẹ kọ bákan náà," ni obìnrin náà wí.

"A kọ wọ́n bákan náà. A kì í pè wọ́n bákan náà."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ogójì yẹn ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ dúró. Mo ti fi èsì ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú èyí tó tú."

"Àwọn èèyàn mi ní láti yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Yóò jẹ àkókò ìdáná méjì nínú mẹ́ta yín. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè fún yín, bí ó bá sì tú, ẹ mọ ohun tí a kọ sílẹ̀. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú," ni Monínúọlá wí. Òótọ́ ló sọ. Àná, nígbà tí kò mọ ibi tí àṣìṣe wà, ni kò yẹ kó dá a lójú.

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú ogún ni wọ́n tó pè wọ́n. Ìyá Dùnmínínú ti tún gòkè wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó gbé ìgò omi méjì kalẹ̀, ó rí ojú wọn, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ ògiri jókòó láìbéèrè nǹkan kan. Yínúsà kò tíì bá àwọn ará òkè òkun sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀. Ó fà sẹ́yìn kí kámẹ́rà má baà rí i.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni ìdáná náà. Ìlà mẹ́ta ló ń sáré lójú kọ̀ǹpútà wọn: ti agbára, ti ọ̀gbàrá, àti ti gbígbọ̀n. Ìṣẹ́jú àáyá kìíní, pílásímà tàn. Ìkejì, ìkẹta, ó ń gbóná sí i, gbogbo ìlà ń gòkè pọ̀. Ní ìkarùn-ún, ìlà ọ̀gbàrá fò sókè lójijì, irú èyí tó ti tú ọ̀kan nínú ogójì lánàá, gbígbọ̀n sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Monínúọlá di etí tábìlì mú. Ìlà agbára kò já. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń ti orí àkàsọ̀ bọ̀, òòfà yí díẹ̀, gbígbọ̀n náà sì lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó kú. Ìkẹfà. Ìkeje. Ní ìkẹjọ, àwọn ará ibẹ̀ fọwọ́ ara wọn pa iná náà ní àkókò tí wọ́n dá fún un.

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn gbà á. Ìyá Dùnmínínú bèèrè lẹ́yìn wọn pé ṣé uná náà ti jó. Monínúọlá ní ó ti jó, Mà. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó sì ń sunkún láìbìkítà ẹni tó ń wò ó.

Ohùn obìnrin náà padà wá, kò tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ẹgbẹ́ tó yẹ kó lo ẹ̀rọ lẹ́yìn yín ti rí i. Wọ́n ní àwọn yóò dúró, kí ẹ gba ìdáná méjì yín padà. Àmọ́ mi ò fẹ́ tún èyí ṣe. Mo fẹ́ gbé ooru dé ibi tí pílásímà kò tíì dúró rí nínú ẹ̀rọ yìí, kí n wo ohun tí ètò yín yóò ṣe. Bó bá tú níbẹ̀, mi ò ní kà á sí yín lọ́rùn. Ta ló máa fún mi láṣẹ?"

Monínúọlá di kọ̀ǹpútà náà mú, ó yí i, títí ojú Yínúsà fi kún inú kámẹ́rà. Bàbá náà wò ó, ó ń mi orí pé rárá. Monínúọlá kò yí i padà.

Yínúsà bọ́ jígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọgbọ̀n ọdún sọ níbi iṣẹ́ ìjọba kò dá a lóhùn.

"Ẹ tan án," ló wí, ketekete, bí ẹni ń kéwú. "Ẹ tan án, kò ní tú."

"Kí ni wọ́n sọ?" ni obìnrin náà bèèrè.

Monínúọlá túmọ̀ rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kò sì yọ èyí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀.